Ìlà Kẹrin

Bàbá Sànúsí tẹ́ ìwé náà sórí àga onípákó, ó sì gbé ife omi lé igun rẹ̀ kí atẹ́gùn ọ̀sà má baà gbé e lọ. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ òsì wà lórí itan rẹ̀, níbi tí ó ti wà láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn tí àìsàn ti mú un ní apá kan. Ojú ìwé méjì ni ìwé náà, ìlà orin méje, yíǹkì dúdú ni ó sì fi kọ gbogbo rẹ̀. Àkọlé tí ó wà lókè rẹ̀ ni "Ọ̀nà Ejìnrìn", orin tuntun àkọ́kọ́ tí ó máa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí àìsàn náà ti dé.

Ọmọ méjì ni wọ́n jókòó níwájú rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní Pápá, ní Ẹ̀pẹ́. Munawwarah, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, máa ń wá láti Ìkòròdú ní gbogbo Sátidé. Toyyibah, tí ó fi oṣù mẹ́rin kéré sí i, ń gbé ní ilé kẹta sí ti Bàbá. Jìtá tí wọ́n gbé lé itan, Bàbá ni ó yá wọn. Ó ti fi ogún ọdún ta jìtá nínú ẹgbẹ́ olórin àwọn ọlọ́pàá kí ó tó fẹ̀yìn tì wá sí ilé baba rẹ̀.

Bàbá sọ fún wọn pé wọn yóò ṣí ilé ìkàwé tuntun ìlú ní Sátidé kẹta sí èyí, pé àwọn tí ń ṣètò rẹ̀ sì ní kí òun mú akẹ́kọ̀ọ́ kan wá láti ta jìtá. Orin tí òun fúnra òun kọ ni òun fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ó ní òun kọ ọ́ ní ọdún tí òun ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ọjà Ejìnrìn lọ́jọ́ ọjà, nítorí ọmọbìnrin kan tí ń ta gàrí níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà ti di Ìyá Waliyah báyìí, ó wà nínú ilé, ó sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ.

"Munawwarah ni ó máa ta á," ni Bàbá wí. "Tí ó bá ta á bí mo ṣe kọ ọ́, òun ni mo máa kọ lẹ́tà fún lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ orin l'Ékòó. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi lọ́dún."

Munawwarah kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ó wo ìwé náà. Àwọn àmì rẹ̀ gun orí fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún márùn-ún, olórí dúdú àti olórí funfun, bí ẹja tí wọ́n fi igi gún sórí ààrò.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹnu kọ díẹ̀ níbẹ̀ fún mi kí n gbọ́."

Bàbá mi orí. "Ìwé ni ó máa kọ ọ́ fún ẹ. Ìdí tí a fi ń kọ orin sílẹ̀ nìyẹn, kí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí lè gbọ́ ọ."

Munawwarah ní ó dára. Ó ká ìwé náà sínú àpò rẹ̀. Ohun tí Bàbá kò mọ̀ ni pé ọmọ náà kò lè ka orin. Ọdún méjì ni ó ti fi ń kọ́ ọ, kò sì lè ka ìlà kan ṣoṣo.

Kì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀ bẹ̀rẹ̀ irọ́ náà. Nígbà tí ọwọ́ Bàbá ṣì dá, bí ó bá fún wọn ní orin tuntun, òun ni ó máa kọ́kọ́ ta á lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n lè mọ bí ó ṣe rí. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ti tó fún Munawwarah. Etí rẹ̀ mú. Yóò tẹjú mọ́ ìwé, yóò ta á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò sì ṣí ojú ìwé kejì ní àkókò tí ó yẹ kí wọ́n ṣí i. Ní gbogbo àsìkò yẹn, Toyyibah á ṣì wà lórí ìlà àkọ́kọ́, á máa fi ẹsẹ̀ kà, ètè rẹ̀ á máa mì.

Munawwarah máa ń pè é ní Ìgbín Pápá.

"Ìgbín ń lọ, ó ń gbé ilé rẹ̀ lọ ni," ni Toyyibah máa ń dá a lóhùn. "Ìwọ tí ò ń sáré, ilé tìrẹ dà?"

Fífi etí kọ́ nǹkan báyìí kò ṣàjèjì sí Munawwarah. Ọmọ ọdún méje ni ó wà nígbà tí ìyá rẹ̀ fi í sí ilé-kéwú ní Ìkòròdú. Wọ́n tó ọgọ́ta ọmọ lórí ẹní mẹ́fà, Áfà kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní. Áfà á ké kéwú, àwọn ọmọ á gbè é, oníkálukú á máa fi ìka tẹ̀lé orí wàláà rẹ̀. Munawwarah há gbogbo rẹ̀ sórí. Ìka rẹ̀ kì í ṣìnà, ẹnu rẹ̀ kì í kọsẹ̀. Wọ́n ṣe wòlímọ̀ fún un ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìyá rẹ̀ sì sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí ọ̀rọ̀ kan náà lára ògiri mọ́ṣáláṣí, kò lè dá a mọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà ni ó ti gbà pé bí ojú bá ti wà lórí ìwé, tí ohun tí ó ń jáde sì péye, ìwé kíkà nìyẹn.

Ó gbìyànjú ní ọjọ́ Àìkú. Yàrá méjì ni òun àti ìyá rẹ̀, Wàsílátù tí ń ta ẹja, háyà ní Ìkòròdú láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Ìwó. Ó jókòó sórí ibùsùn láti aago méjì títí di aago mẹ́rin. Bàbá máa ń pe àlàfo tí ó wà láàárín ìlà òòró méjì ní yàrá, ó ní yàrá kọ̀ọ̀kan ní iye àmì tí ó lè gbà. Ní wákàtí méjì, Munawwarah wọ yàrá méjì péré, kò sì dá a lójú pé ibi tí ó wọ̀ ni ó yẹ kí ó wọ̀. Ó ka iye yàrá tí ó kù. Ó jẹ́ ẹ̀rìnlélógójì. Ó ká ìwé náà.

Ní ọjọ́rú, ó fi fóònù ìyá rẹ̀ pe fóònù ìyá Toyyibah.

"Bá mi ta orin yẹn, kí o fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí wàsáàpù."

"Ìwọ ni wọ́n ní kí o ta á."

"Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ fi yẹ tèmi wò ni."

"Munawwarah, ṣé o ti kà á?"

"Bí o kò bá fẹ́ ṣe é, sọ. Ó ń dùn ọ́ pé èmi ni Bàbá yàn."

Ọ̀rọ̀ náà dun Toyyibah, torí pé díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé òun ń jowú. Òun náà ti da orin náà kọ sínú ìwé rẹ̀ ní Sátidé yẹn kí Munawwarah tó gbé e lọ. Ó gbé jìtá rẹ̀, ó fi fóònù ti ara ife, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta á díẹ̀díẹ̀, bí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ó parí ìlà kẹta nígbà tí ẹnìkan pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù náà. Ohùn tí ó ń gbà sílẹ̀ gé. Ìyá rẹ̀ gba fóònù, ó sọ̀rọ̀ títí, ó sì rán an pé kí ó lọ ká aṣọ wọlé torí òjò ń ṣú. Nígbà tí Toyyibah padà dé, ó wá ibi tí ó dúró sí. Ìlà kẹrin àti ìlà karùn-ún bẹ̀rẹ̀ bákan náà, àmì mẹ́ta olórí dúdú tí ń gun òkè lọ. Ìlà karùn-ún ni ojú rẹ̀ bọ́ sí. Ó ta á láti ibẹ̀ dé òpin, ó sì fi ohùn méjèèjì ránṣẹ́ sí Ìkòròdú.

Munawwarah gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ó ti ń ta á, ó sì dùn ju bí Toyyibah ṣe ta á lọ. Ìyá rẹ̀ tí ń to ẹja sínú apẹ̀rẹ̀ dúró, ó ní, "Kí ni ìyẹn? Ó ń ṣe mí bí ẹni wà nínú ọkọ̀." Munawwarah rẹ́rìn-ín. Kò gbé ìwé náà jáde láti fi wé ohun tí ó ń ta.

Ní Sátidé kejì, òun àti ìyá rẹ̀ wọ mọ́tò ní Ìkòròdú ní aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ bí ìṣe wọn, wọ́n gba Ìtoíkin. Ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà ẹja ní Olúwo, òun gba Pápá lọ. Ìyá Waliyah ni ó bá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ẹ̀jẹ̀ Bàbá ru láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n sì dá a dúró sí ọsibítù, ṣùgbọ́n wọn yóò dá a sílẹ̀ kí ọjọ́ tí wọn yóò ṣí ilé ìkàwé tó pé. Munawwarah ní kí Ọlọ́run fún wọn ní àlàáfíà. Ó ní í lọ́kàn lóòótọ́. Síbẹ̀, bí ó ti ń padà lọ bá ìyá rẹ̀ lọ́jà, ara rẹ̀ fúyẹ́, torí kò sí ẹni tí yóò ní kí ó ta á wò lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yá, ìrántí ara fífúyẹ́ yìí ni ó máa ń dùn ún jù.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilé ìkàwé, nǹkan bí igba ènìyàn ni ó jókòó. Bàbá wà ní ìjókòó iwájú, ó wọ agbádá funfun, ọ̀pá rẹ̀ wà láàárín orúnkún rẹ̀. Ìyá Waliyah jókòó tì í. Toyyibah wà ní ẹ̀yìn wọn, Wàsílátù sì dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Wọ́n gbé ìdúró ìwé síwájú Munawwarah. Ó to ojú ìwé méjèèjì sí i, ó tẹjú mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń lọ láti ìlà dé ìlà bí ti ẹni tí ń kàwé. Ní òpin ìlà kẹta, ó rí i tí Bàbá gbé orí sókè, bí ẹni tí ń retí àlejò. Àwọn ìka Munawwarah kọjá lọ. Ojú Bàbá kò kúrò lára rẹ̀ mọ́ títí tí ó fi parí.

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ títí. Alága ìjọba ìbílẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Obìnrin kan ní kí ó dúró kí àwọn ya fọ́tò.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Ìyá Waliyah fẹ̀gbẹ́ sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Kò pariwo, ṣùgbọ́n Toyyibah tí ó wà lẹ́yìn gbọ́, Munawwarah tí ń bọ̀ wá kí wọn náà sì gbọ́.

"Bàbá Waliyah, wọn ò dúró láàárín omi."

"Mo gbọ́," ni Bàbá wí.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Pápá, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ náà, Bàbá ní kí Toyyibah mú páálí bisikíìtì wá láti inú ilé, kí ó fi abẹ gé ihò kékeré kan sí àárín rẹ̀. Kò sọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Munawwarah rí ihò náà, ó sì mọ ohun tí ó wà fún, torí pé ó ti gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ní àwọn ilé-kéwú kan, irú bébà bẹ́ẹ̀ ni Áfà máa ń gbé lé orí wàláà, kí ọmọ má rí ju lẹ́tà kan lọ, kí ó má lè fi ẹnu sáré lọ bá èyí tí ó kàn. Ti Ìkòròdú kò dán an wò rí. Ọmọ ti pọ̀ jù.

Bàbá gbé páálí náà lé orí ìwé orin. Àmì kan ṣoṣo ni ó hàn nínú ihò.

"Èwo nìyẹn?"

Munawwarah wò ó. Kò mọ̀ ọ́n. Bàbá sún páálí náà síwájú.

"Èyí ńkọ́?"

Kò mọ̀ ọ́n. Bàbá sún un lẹ́ẹ̀marùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ká páálí kúrò, ó na ìka sí ìlà kẹrin.

"Ojú ẹ kọjá lórí èyí lónìí. Mo rí i. Kí ló dé tí ọwọ́ ẹ ò ta á?"

Munawwarah jẹ́wọ́. Ó sọ ti wàsáàpù, ti ohùn méjì, àti ti ọdún méjèèjì. Kò fi nǹkan kan pamọ́, torí kò sí ohun tí ó kù láti fi pamọ́. Toyyibah gba ìwé náà, ó fi ìka tẹ̀lé ìlà kẹrin àti ìkarùn-ún, ó sì mọ ibi tí ojú òun ti ṣìnà. Ó bú sẹ́kún.

Bàbá kò bínú sókè. Ó sọ fún wọn pé nínú ìrìnàjò Ejìnrìn, ibì kan wà láàárín ọ̀sà tí ọlọ́kọ̀ máa ń gbé àjẹ̀ sókè kí ó sinmi. Ọkọ̀ á máa lọ fúnra rẹ̀, kò ní sí ariwo kankan. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin Ejìnrìn náà, tí òun ń sìn lọ kí àwọn ènìyàn òun ní Ẹ̀pẹ́, ti sọ fún òun pé òun gbà láti di ìyàwó. Ìlà kẹrin nìyẹn. Nítorí rẹ̀ ni òun ṣe kọ ìlà mẹ́fà tí ó kù.

"Mi ò ní kọ lẹ́tà fún ẹnikẹ́ni lọ́dún yìí," ni ó wí. "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tìrẹ kò tó ogún ọdún. Dúpẹ́."

Toyyibah nu ojú rẹ̀. Ó sọ fún Munawwarah pé kí ó má ṣe bá òun sọ̀rọ̀ mọ́, ó sì lọ sí ilé wọn.

Nínú mọ́tò, Munawwarah sọ gbogbo rẹ̀ fún Wàsílátù kí wọ́n tó kọjá Ìtoíkin. Munawwarah ti ro gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ lè sọ, ó sì ti múra sílẹ̀ fún un. Èyí tí ó sọ kò sí lára wọn.

"Èmi ò mọ̀wé," ni ìyá rẹ̀ wí. "Wọ́n ti fi mí rẹ́rìn-ín lọ́jà nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò di ìwé mú rí kí n máa ṣe bí ẹni ń kà á."

Sátidé tí ó tẹ̀lé e, Munawwarah padà lọ sí Pápá. Ó kúnlẹ̀ fún Bàbá, lẹ́yìn náà fún Ìyá Waliyah, ó ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá fi ẹsẹ̀ ti àga sí i. Páálí oníhò náà wà lórí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó fi wo inú ihò kí ó tó mọ gbogbo àmì láìṣì. Ní ọ̀sẹ̀ keje, okùn kẹfà jìtá rẹ̀ já, kò sì rí òmíràn títí ọ̀sẹ̀ kọkànlá. Márùn-ún ni ó fi ń kọ́. Bí Bàbá bá fún un ní ìlà tí etí rẹ̀ ti mọ̀, ẹ̀yìn ni ó máa ń ní kí ó ti kà á bọ̀ wá síwájú. Ó ń ṣì í bí ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀. Toyyibah ń wá, ó ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kì í bá a sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹtàlá, nígbà tí Munawwarah dúró sórí yàrá kan tí kò lè wọ̀, Toyyibah bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ kà á fún un, láìwo ojú rẹ̀: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin.

"O ṣé, Ìgbín," ni Munawwarah wí.

"Máa kà," ni Toyyibah dá a lóhùn.

Ìlà kẹrin ni Bàbá fi sẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ó lè ta á fún Munawwarah. Ọwọ́ Bàbá kò padà bọ̀ sípò, Toyyibah sì ti sọ pé òun kò ní ta á létí rẹ̀ láé. Bí ó bá fẹ́ gbọ́ ọ, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà.

Ní Sátidé kẹrìndínlógún, Bàbá ní kí ó ṣí i. Ìyá Waliyah ń fi ìgbálẹ̀ gbá ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì ń gbọ́ ìró rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Munawwarah wọ yàrá àkọ́kọ́, àmì mẹ́ta tí ń gun òkè. Èyí tí ó tẹ̀lé wọn jẹ́ àmì ìdákẹ́, ó dà bí fìlà kékeré lórí fọ́nrán. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó sì kà á. Ó ta ohùn kan. Fìlà tún wà níbẹ̀. Ó kà á. Kò mọ ohùn tí ó kàn títí tí ó fi kà á, nígbà tí ó sì tà á, orin náà lọ síbi tí etí rẹ̀ kò rò. Kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí.

Nígbà tí ó dé ìdákẹ́ kẹta, ó ṣàkíyèsí pé ìró ìgbálẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Ó kà á pé, ó sì ta ohùn ìkẹyìn.

"Bàbá Waliyah," ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìnkùlé, "wọ́n ti dúró."

Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ìwé. "Tún un ta. O yá jù ní yàrá kejì."

Lẹ́tà ọdún tí ó tẹ̀lé e, Toyyibah ni ó gbà á. Munawwarah ni ó bá a gbé jìtá dé ìdíkọ̀ lọ́jọ́ tí ó ń lọ, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ kí ó sọ pé òun ni ó tọ́ sí. Ó ti mọ̀ nígbà náà pé ohun tí a gbà lẹ́nu ẹlòmíràn, ibi tí olúwarẹ̀ bá ti fò, àwa náà yóò fò ó, a kò sì ní mọ̀ pé a fò ó. Ṣùgbọ́n èyí tí a bá fi ojú ara wa kà, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó, kò sí ẹni tí ó lè yọ ìlà kan kúrò nínú rẹ̀ fún wa.